Olùkọ́ síkì àdáni fún ẹni tó ti mọ̀ díẹ̀: ibo lèèyàn ti ń rí i lówó tó mọ níwọ̀n?

Ìbéèrè

Síkì, pákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí à ń dè mọ́ ẹsẹ̀ láti fi yọ̀ wálẹ̀ lórí òjò dídì, ni mò ń kọ́. Mo ti kúrò ní ìpele àwọn tó ń fẹ ìrù síkì, ìyẹn ẹ̀yìn rẹ̀, síta bí igun kí wọ́n tó lè dúró. Lójú ọ̀nà búlúù, èyí tí kò le jù, síkì mi méjèèjì ń lọ ní ọgbọọgba, mo sì ń yà síbi tó bá wù mí. Àmọ́ bí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí òjò dídì bá ti le bíi yìnyín, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Ìrù síkì á máa sá lọ, itan á máa gbóná, igun àtijọ́ á tún yọjú. Ẹ̀kọ́ àdáni ni gbogbo èèyàn ní kí n gbà, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń pè é lórí àwọn òkè ńlá ga ju agbára mi lọ. Ọ̀nà wo lèèyàn ń gbà rí olùkọ́ gidi lówó tó mọ níwọ̀n? Àbí kí n kúkú máa wo fídíò, kí n máa dá a kọ́?

* * *

Èsì 1

Kí ẹ tó wá olùkọ́, ẹ wádìí òfin ibi tí ẹ ń lọ, torí òfin ló ń gbé owó sókè tàbí tó ń fà á wálẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹ̀kọ́ síkì kan ló sábà máa ń wà lórí òkè kan, ti ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó òkè náà sì ni. Púpọ̀ nínú àwọn òkè ńlá apá ìwọ̀-oòrùn wà lórí ilẹ̀ igbó ìjọba àpapọ̀. Ẹni tí ìjọba fún níwèé àṣẹ nìkan ló lè ta ẹ̀kọ́ níbẹ̀. Nígbà tí kò sí ẹni tó ń bá wọn du oníbàárà, kí ló máa mú iye wálẹ̀? Ààbọ̀ ọjọ́ tàbí odindi ọjọ́ ni wọ́n tún máa ń fẹ́ tà.

Ní Faransé, abúlé síkì kan lè ní ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin. ESF, àwọn ẹlẹ́wù pupa tí wọ́n ti wà láti 1945, ló tóbi jù, ṣùgbọ́n Evolution 2, Oxygène àti àwọn kéékèèké mìíràn ń bá wọn figagbága. Wọ́n ń ta wákàtí kan tàbí méjì. Bí ẹ bá lè yan ibi tí ẹ ń lọ, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ àsìkò. Òwúrọ̀ ni gbogbo ayé ń fẹ́, nítorí náà òwúrọ̀ ló wọ́n jù. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, aago 12 sí aago 2, nígbà tí àwọn èèyàn bá lọ jẹun, rọjú, ojú ọ̀nà sì máa ń ṣófo lákòókò yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé ọdún tuntun títí dé ìparí oṣù kìíní dára. Ẹ sá fún ìsinmi oṣù kejì ní Faransé: agbègbè mẹ́ta ni wọ́n pín àwọn ilé-ìwé sí, ìsinmi wọn ń tẹ̀léra, ó sì máa ń gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó parí. Ní Amẹ́ríkà, Kérésìmesì àti ọ̀sẹ̀ Presidents' Day, ìsinmi ìjọba ní oṣù kejì, ni kí ẹ yẹra fún.

* * *

Èsì 2

Òótọ́ lèyí, àmọ́ mi ò gbà pé àdáni ni kí èèyàn kọ́kọ́ náwó lé. Ẹ lọ wo kíláàsì alápapọ̀ ti ìpele òkè láàárín ọ̀sẹ̀, láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sí Ọjọ́bọ̀, nígbà tí kò sí ìsinmi. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ló ń kún kíláàsì. Ní ìpele tiyín, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń yọjú, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ ẹnì kan péré. Owó alápapọ̀ lẹ san, ẹ̀kọ́ àdáni lẹ gbà.

Ìbéèrè kan péré ni kí ẹ bi ẹni tó wà nídìí káńtà: "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èèyàn mélòó ló wá sí kíláàsì ìpele yìí lọ́jọ́ Ọjọ́rú?" Wọ́n mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ní mẹ́jọ, ẹ fi owó yín sápò.

Bí ibi tí ẹ ń gbé bá sún mọ́ òkè, ẹ béèrè ètò ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún àgbàlagbà: olùkọ́ kan náà, ọjọ́ kan náà, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Bí ẹ bá pín owó rẹ̀ sí wákàtí, kò sí ẹ̀kọ́ tó rọjú tó o.

* * *

Èsì 3

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti gbójú fo ìṣòro tó tóbi jù nínú kíláàsì alápapọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ ló ń sọ ìpele tó wà, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sọ ohun tó ju agbára wọn lọ. Ẹnì kan á wọlé tí kò lè sọ̀ ojú ọ̀nà pupa, èyí tó le ju búlúù lọ, gbogbo yín á sì padà sí búlúù nítorí rẹ̀. Olùkọ́ ò lè fi í sílẹ̀, ààbò rẹ̀ ló ṣáájú.

Ẹ tún wo ohun tí olùbéèrè sọ. Itan ń gbóná, ìrù síkì ń sá lọ. Èyí jẹ́ àmì ẹni tó jókòó sẹ́yìn: ara rẹ̀ wà lórí gìgísẹ̀, ojúgun rẹ̀ ò kan iwájú bàtà, iṣan itan nìkan ló ń gbé e dúró bí ẹni tó jókòó láìsí àga. Kíláàsì alápapọ̀ á sọ fún un pé "tẹ̀ síwájú". Ó ti gbọ́ ìyẹn nígbà ọgọ́rùn-ún. Ìdí tó fi jókòó sẹ́yìn ló yẹ kí ẹnì kan bá a wá, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rù, ó lè jẹ́ bàtà, ó lè jẹ́ pé ó ń yára yí síkì kó tó dúró lé e dáadáa. Ẹni tó ń wo akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo ló lè mọ èyí tó jẹ́.

Ohun tí màá ṣe sí owó kékeré: wákàtí méjì àdáni láti wá àìsàn náà rí, ọjọ́ mẹ́ta ìdánrawò, alápapọ̀ lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà wákàtí méjì àdáni mìíràn lọ́dọ̀ olùkọ́ kan náà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀léra kì í wọlé. Ara gbọ́dọ̀ ráyè gbàgbé àṣà àtijọ́.

* * *

Èsì 4

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu ba àwọn olùkọ́ tó ń polówó ara wọn lórí Facebook? Owó tí wọ́n ń gbà ò tó ìdajì ti ilé-ẹ̀kọ́.

* * *

Èsì 5

Torí pé ó léwu, àbúrò. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó ń gba owó kọ́ni lórí òkè tí kò fún un láṣẹ ń rú òfin ìwé àṣẹ tí wọ́n ṣàlàyé lókè yẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè mọ bí wọ́n ṣe ń dá wọn mọ̀: ẹnì kan tó ń fi ẹ̀yìn sọ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń na ọ̀pá sí ẹlòmíì, tí kò wọ ẹ̀wù ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n lè gba tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, wọ́n sì lè lé e. Ní Faransé, òfin orílẹ̀-èdè ló ní kí ẹni tó ń gba owó kọ́ni ní síkì ní ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fọwọ́ sí tàbí èyí tí wọ́n kà sí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Èyí tó kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ jù ni ti ìbánigbófò. Bó bá mú yín lọ síbi tó kọjá agbára yín, tí orúnkún bá yẹ̀, ta lẹ fẹ́ lọ bá?

Àmọ́ olùkọ́ aládàáni tó bófin mu wà ní Yúróòpù, pàápàá ní Faransé àti Switzerland, tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, tó ní ìwé ẹ̀rí àti ìbánigbófò tirẹ̀. Ẹ ní kó fi káàdì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ọdún yìí hàn yín. Ẹni tó ní in kì í bínú.

* * *

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun. Àwọn ìpele ìwé ẹ̀rí yìí ló ń rú mi lójú. Ṣé olùkọ́ ìpele tó ga jù nìkan ni kí n gbà? Ṣé owó rẹ̀ kò ní yàtọ̀?

* * *

Èsì 6

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, PSIA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961, ní ìpele mẹ́ta. Ìpele 1 wà fún kíkọ́ àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀, ìpele 2 dé ọ̀dọ̀ àwọn bíi tiyín, ìpele 3 kárí gbogbo rẹ̀. CSIA ti Kánádà ní mẹ́rin, BASI ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní mẹ́rin, ẹni tó sì wà ní ìpele 1 BASI, inú gbọ̀ngàn òjò dídì (ilé ńlá tí wọ́n ń ṣe òjò dídì sí) tàbí orí òkè àtọwọ́dá ló ti lè kọ́ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, iye kan náà lẹ máa san, ì báà jẹ́ ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí lọ́dún tó kọjá ni wọ́n fún yín, ì báà jẹ́ ẹni tó ti ń kọ́ni fún ogún ọdún. Bí ẹ ò bá béèrè, ẹni tó bá wà nílẹ̀ ni wọ́n á fún yín. Nítorí náà ẹ béèrè ìpele 3. Owó kan náà ni.

* * *

Èsì 3, lẹ́ẹ̀kan sí i

Mo fẹ́ ta ko ìyẹn díẹ̀. Apá ńlá nínú ìdánwò ìpele 3 ni bí olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe ń sọ̀ lórí gegele àti lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Kò fi dandan túmọ̀ sí pé ó fẹ́ràn àti máa kọ́ ẹni tó wà láàárín. Olùkọ́ ìpele 2 tó ń fi gbogbo ọjọ́ kọ́ irú yín lè ràn yín lọ́wọ́ jù ú lọ. Ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ni: "Ta ló fẹ́ràn láti kọ́ àgbàlagbà tó ti há sí ìpele àárín?" Àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ olùkọ́ mọ orúkọ ẹni náà, wọn ò sì ní ronú jìnnà.

* * *

Èsì 7

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ olùkọ́, kò sí ẹni tó béèrè bàtà. Bí bàtà bá tóbi, kò sí olùkọ́ tó lè ran olùbéèrè lọ́wọ́, owó rẹ̀ á kàn dànù ni.

Bẹ́ ẹ ṣe máa wò ó nìyí. Ẹ yọ aṣọ inú bàtà kúrò, kó ku ike nìkan. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ọmọ ìka kan iwájú díẹ̀. Ẹ wá wo àlàfo tó wà láàárín gìgísẹ̀ àti ike lẹ́yìn. Ìka ọwọ́ kan sí méjì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 10 sí 20, ló yẹ kó wọ ibẹ̀. Bó bá gba ìka mẹ́ta, bàtà yẹn kì í ṣe tiyín. Àwọn bàtà àyálò ló sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀, torí ẹni tó bá dúró nínú ṣọ́ọ̀bù ń fẹ́ èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bẹ́ ẹ bá ti dé orí òkè, gìgísẹ̀ á máa gbéra, ẹsẹ̀ á máa wá ohun tó máa dì mú, ẹ ó sì jókòó sẹ́yìn láìmọ̀. Nọ́ńbà bàtà síkì jẹ́ gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ike kan náà ni 26 àti 26.5, nítorí náà fífi ìdajì nọ́ńbà dín in kù kò yí ohunkóhun padà.

Síkì náà ńkọ́? Bí àárín rẹ̀ bá fẹ̀ tó mìlímítà 100, tí ẹ sì ń kọ́ nípa etí síkì lórí ilẹ̀ líle, iṣẹ́ ń pọ̀ lọ́wọ́ yín láìnídìí. Ẹ yá èyí tó wà láàárín 70 sí 80 fún ọjọ́ ẹ̀kọ́. Kí ẹ sì fi èékánná àtàǹpàkò gba etí irin rẹ̀ kọjá. Bó bá fá èékánná díẹ̀, ó mú. Bó bá kàn yọ̀ kọjá, ẹ ní kí wọ́n pọ́n ọn kí ẹ tó sanwó fún olùkọ́. Yìnyín tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn, etí tó kú ló ń mú kó burú tó bẹ́ẹ̀.

* * *

Èsì 1, lẹ́ẹ̀kan sí i

Ọ̀rọ̀ bàtà yẹn tọ́. Ẹ jẹ́ ká padà sórí owó.

Ẹ ṣírò wákàtí kan. Bí ẹ̀rọ tó ń gbé yín gòkè bá gba ìṣẹ́jú mẹ́jọ, tí sísọ̀ àti dídúró láti gbọ́ àlàyé bá gba méje, ìgbà mẹ́rin péré lẹ máa sọ̀ láàárín wákàtí náà. Olùkọ́ á lo ìgbà àkọ́kọ́ láti fi wò yín. Ó ku mẹ́ta. Ìdí nìyí tí mo fi rò pé wákàtí kan kéré fún ìbẹ̀rẹ̀, tí odindi ọjọ́ sì pọ̀ jù, torí lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta ara ti rẹ̀, ohun tí wọ́n bá sọ kò ní wọlé mọ́. Méjì ló dáa. Kí ẹ sì ti sọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ó tó dé, kí ara ti gbóná. Ẹ má fi owó ẹ̀kọ́ gba ìgbónára.

Orí ẹ̀rọ náà jẹ́ àsìkò ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti béèrè ìdí nǹkan, kí àkókò orí òkè lè jẹ́ ti sísọ̀.

Ní Amẹ́ríkà, iye àdáni kan sábà máa ń kárí èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tí agbára yín dọ́gba, ìdá mẹ́ta lẹ san. Mo ní mẹ́ta o; bó bá ti kọjá ìyẹn, alápapọ̀ ni. Ẹ tún rántí owó ọpẹ́: níbẹ̀, ó wọ́pọ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ fún olùkọ́ ní nǹkan bí 10 sí 20 nínú 100, torí ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń dé ọwọ́ rẹ̀ nínú ohun tí ẹ san. Ẹ kà á mọ́ owó ẹ̀kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

* * *

Èsì 8

Nípa fídíò: wíwò ó dára, ṣùgbọ́n ti ara yín ló ṣe pàtàkì jù. Deb Armstrong, tó gba wúrà nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Sarajevo ní 1984, ń fi ẹ̀kọ́ sórí YouTube lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì dára. Àmọ́ ohun tí ẹ rò pé ẹ ń ṣe àti ohun tí ẹ ń ṣe kì í sábà jọra.

Kí ọ̀rẹ́ yín dúró nísàlẹ̀, kó fi fóònù ya fídíò yín bí ẹ ṣe ń yí sọ́tùn-ún sósì ní kọ́nà mẹ́jọ sí mẹ́wàá bọ̀ wá bá a. Kó di fóònù mú ní ìbú. Ojú ọ̀nà kan náà, ibì kan náà, lójoojúmọ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi àwòrán náà: ṣé orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ ń tẹ̀ pọ̀, àbí orúnkún nìkan? Ṣé ipa ọ̀nà yín dà bí S, àbí ó gún bíi Z? Síkì wo ló ń gbé yín nígbà tí kọ́nà bá dé àárín, ti òde ni àbí ti inú?

Ìdánrawò tí màá fún olùbéèrè kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, lójú ọ̀nà búlúù, ẹ gbé ìrù síkì inú sókè díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kọ́nà títí dé òpin rẹ̀, kí imú rẹ̀ ṣì máa kan ilẹ̀. Bó bá jẹ́ imú ló ń gbéra dípò ìrù, ẹ ti jókòó sẹ́yìn, kò sí àríyànjiyàn ńbẹ̀. Èkejì, ẹ dúró ní ìbú òkè, ẹ jẹ́ kí síkì tẹ́ pẹrẹsẹ kó máa yọ̀ wálẹ̀, kí ẹ wá fi ẹsẹ̀ yí i sí ìbú kejì láìjẹ́ kí àyà kúrò ní ìdojúkọ ìsàlẹ̀. Ipa tí ẹ ń gbà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju gígùn síkì méjì lọ. Bí ẹ bá ń sá síwájú, etí lẹ̀ ń tẹ̀ jù. Bí ìrù bá ń gbé yín lọ, èjìká ló ń yí dípò ẹsẹ̀. Ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́ tó, kó má di ìyà.

* * *

Èsì 9

Bí òkè bá jìnnà, gbọ̀ngàn òjò dídì wà: Landgraaf ní Netherlands, Hemel Hempstead ní Ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Ski Dubai tó ṣí ní 2005, tí ojú ọ̀nà rẹ̀ tó gùn jù jẹ́ mítà 400. Kò ní kọ́ yín ní gegele tàbí ibi tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ṣùgbọ́n òjò dídì ibẹ̀ máa ń le, kì í yí padà láti ọjọ́ kan sí èkejì, ẹ sì ń tún kọ́nà kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejìlá nínú wákàtí kan. Fún ìdánrawò ìrù síkì tí wọ́n júwe lókè yẹn, mi ò rí ibi tó dára jù ú lọ.

* * *

Olùbéèrè

Bàtà mi gba ìka mẹ́ta. Màá tún un rà ná. Bí mo bá wá fẹ́ kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́, kí ni kí n sọ gan-an?

* * *

Èsì 3

Ẹ má kọ "mo wà ní ìpele àárín". Kò túmọ̀ sí nǹkan kan fún wọn. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

"Mò ń sọ̀ gbogbo ojú ọ̀nà búlúù pẹ̀lú síkì méjèèjì ní ọgbọọgba. Lórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tó le, ìrù síkì mi ń sá lọ ní ìparí kọ́nà, itan sì ń rẹ̀ mí lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ wákàtí méjì àdáni lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú, àsìkò tó bá rọjú jù lójúmọ́ náà. Mo fẹ́ olùkọ́ tó ń kọ́ àgbàlagbà ìpele àárín déédéé, mo sì fẹ́ mọ orúkọ àti ìpele ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kí n tó sanwó. Mo fẹ́ kó ya fídíò mi ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní ìparí, kó sì fún mi ní ìdánrawò méjì tí màá fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe kí n tó padà wá bá a."

Ẹ fi ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́ta. Èyí tó bá dáhùn ìbéèrè nípa olùkọ́ kó tó dárúkọ owó ni kí ẹ mú. Bí kò bá sì sí ọ̀kan nínú wọn tó lè dárúkọ olùkọ́ fún yín, ẹ pe tábìlì àwọn tó ń ṣètò olùkọ́ lórí fóònù lọ́wọ́ ọ̀sán, lẹ́yìn tí kíláàsì òwúrọ̀ bá ti túká, torí àárọ̀ kì í gbà wọ́n láyè láti dá ẹnikẹ́ni lóhùn.